Sáà Tẹ́nìsì àti Eré Sísá ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wa ní Àjàṣẹ́: Ìbéèrè Àwọn Òbí àti Ìdáhùn Wọn

Ọdọọdún ni àwọn òbí ń pe èmi olùkọ́ eré ìdárayá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-ìwé láti béèrè ohun tí ó ń jẹ wọ́n lọ́kàn kí wọ́n tó fi ọmọ wọn lé wa lọ́wọ́. Ó yẹ kí wọ́n béèrè, nítorí ẹni tí ó bímọ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọmọ náà wà ní ìrọ̀lẹ́ àti ẹni tí yóò fún un lómi mu. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe ń dáhùn wọn lójúkojú.

Ìgbà wo ni sáà ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló sì ń parí?

Ilé-ìwé ń wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n sáà tiwa kì í bẹ̀rẹ̀ gidi títí àrọ̀kúrò yóò fi dá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjò méjì ni a ní lọ́dún ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀) níbí: òjò ńlá tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin tí ó sì ń lọ títí di oṣù Keje, àti àrọ̀kúrò tí ó ń padà wá ní oṣù Kẹsàn-án títí wọ oṣù Kọkànlá. Pápá oníyẹ̀pẹ̀ pupa wa kò ṣeé sáré lé lórí nígbà tí ó bá rin. Ẹrẹ̀ rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bí àmọ̀, ọmọ á sì fẹsẹ̀ rọ́. Nítorí náà, láti oṣù Kẹwàá títí di ìparí oṣù Kọkànlá, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń kọ́ wọn bí a ti ń dúró, bí a ti ń di rákẹ́ẹ̀tì mú, àti bí a ti ń gbé orúnkún sókè. Oṣù Kejìlá ni ìdánrawò gidi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdíje pẹ̀lú àwọn ilé-ìwé mìíràn máa ń bọ́ sáàárín oṣù Kejì àti oṣù Kẹrin, kí òjò ńlá tó gba pápá lọ́wọ́ wa, kí ìdánwò BEPC (ti àárín ilé-ìwé girama) àti BAC (ti ìparí rẹ̀) sì tó gba àwọn ọmọ fúnra wọn.

Ṣé ọmọ mi lè ṣe tẹ́nìsì àti eré sísá pọ̀?

Ó lè ṣe é, èmi a tilẹ̀ máa gbà á níyànjú bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ìlà ẹ̀yìn pápá tẹ́nìsì dé ìdí àwọ̀n kò tó mítà 12, nítorí mítà 23.77 ni gbogbo gígùn rẹ̀. Eré kúkúrú, dídúró lójijì àti yíyí padà ni ẹni tí ń gbá tẹ́nìsì ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ tí ó ti kọ́ bí a ti ń fò kúrò lójú kan lórí pápá eré sísá yóò débẹ̀ ṣáájú bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí ó ti gbá tẹ́nìsì náà yóò sì mọ bí a ti ń fi ojú tẹ̀ lé nǹkan nígbà tí ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, èyí tí yóò wúlò fún un lọ́jọ́ tí ó bá ń gba ọ̀pá nínú eré àfiléra, níbi tí àwọn asáré ti ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́.

Ohun tí n kò gbà ni pé kí ọmọ máa wá lójoojúmọ́. Egungun tí ó ṣì ń dàgbà a máa bínú. Bí ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 10 sí 15 bá ń sọ pé ìsàlẹ̀ orúnkún òun, níbi tí egungun ojúgun ti yọ díẹ̀, ń dùn òun lẹ́yìn fífò àti sísá, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ibẹ̀ ni iṣan itan so mọ́ egungun, ó sì máa ń dùn nígbà tí ọmọ bá ń yára ga. Ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ ni a ti yà sọ́tọ̀ fún ìsinmi pátápátá, ìsinmi náà sì jẹ́ ara ìdánrawò.

Ṣé dandan ni kí n ra rákẹ́ẹ̀tì àti bàtà?

Rárá. Ilé-ìwé ní rákẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ ń pín lò, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe sáré lọ ra èyí tí ó gùn tí ó sì wúwo nítorí pé ó dára lójú. Ọwọ́ kékeré tí ó di rákẹ́ẹ̀tì àgbà mú yóò kọ́ àṣìṣe, ìgúnpá rẹ̀ yóò sì máa dùn ún. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ń lo bọ́ọ̀lù aláwọ̀ pupa, lẹ́yìn náà ọsàn, lẹ́yìn náà aláwọ̀ ewé, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ta sókè bí bọ́ọ̀lù gidi. Bí ẹnìkan nínú yín bá ní bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti dínkù, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ kó o wá fún wa.

Ní ti bàtà, ọmọ tí ń sáré lórí iyanrìn lè sá a láìwọ bàtà bí a bá ti ṣa òkúta àti ìgò kúrò, iṣẹ́ tí àwa àti àwọn ọmọ jọ ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbá tẹ́nìsì lórí sìmẹ́ǹtì láìní bàtà. Bàtà onírọ́bà tí ó bá ẹsẹ̀ mu ti tó. Bàtà oníṣòó kò pọn dandan fún pápá wa.

Báwo ni a ṣe ń ka àmì ayò tẹ́nìsì? Kí ló dé tí ó fi ń fò láti 15 sí 30 sí 40?

Àṣà àtijọ́ ni. Ẹni tí ó bá gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní 15, èkejì 30, ẹ̀kẹta 40, èyí tí ó bá sì gbà lẹ́yìn náà ni ó fi gba géèmù náà. Bí àwọn méjèèjì bá jọ dé 40, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀lù méjì léraléra kí géèmù tó parí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba géèmù 6 ló gba sẹ́ẹ̀tì, bí ó bá fi géèmù méjì ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá jọ dé 6 sí 6, wọn a gbá èyí tí ó ń yanjú rẹ̀, níbi tí a ti ń ka bọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹnìkan yóò fi ní 7, pẹ̀lú àlàfo méjì.

Níbi ìdíje, èdè Faransé ni wọ́n fi ń ka á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánrawò, èdè Yorùbá ni mo ní kí wọ́n máa fi kà á, «mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n, ogójì», àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ Gùn nílé sì ń fi Gùn kà á. Inú mi máa ń dùn nígbà tí mo bá gbọ́ ọmọ ọdún méjìlá tí ó ń pe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún já gaara ní etí pápá, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kò lè ka Yorùbá kọjá ogún mọ́.

Ta ni ó ń ṣe adájọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbá tẹ́nìsì?

Níbi púpọ̀ nínú ìdíje ilé-ìwé, àwọn ọmọ fúnra wọn ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń pe bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ó bá fọwọ́ kan ìlà, bí ó ti wù kí ó kéré tó, inú ni ó bọ́ sí. Èyí tí kò bá dá ọmọ lójú, inú ni ó gbọ́dọ̀ pè é, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò sì jèrè iyèméjì náà. Òfin nìyẹn ní gbogbo ibi tí a ti ń gbá tẹ́nìsì láìsí adájọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí ràn wá lọ́wọ́ níbí yìí ju ibikíbi lọ. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣubú sẹ́bàá ìlà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kígbe láti ìta pé «ó jáde!» Ọmọ tí ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kò ní lè sọ ohun tí ojú tirẹ̀ rí. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tí ó pe bọ́ọ̀lù ní inú nígbà tí ó ku bọ́ọ̀lù kan péré kí ó pàdánù, tí ó sì pàdánù lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ bínú. Èmi pè é sápá kan, mo sọ fún un pé kò sí nǹkan tí mo kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn tí ó tó èyí tí ó ṣe. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yàn láti máa ṣíwájú wọn, n kò sì dá sí i.

Nínú eré 400 mítà, kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé ọmọ kan síwájú àwọn yòókù?

Èyí ni ó ń fa ariwo jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó wà nínú kúrú ju èyí tí ó wà lóde lọ nígbà tí a bá ń yí kọ́nà. Lórí pápá tí ó pé, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 1.22, ẹni tí ó bá sì yí i po lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà kìíní ti sá 400 mítà gẹ́lẹ́. Bí gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà kan náà, ẹni tí ó wà ní ọ̀nà kejì yóò fi mítà 7 àti díẹ̀ sá ju ẹni kìíní lọ, ti ọ̀nà kẹjọ yóò sì fi mítà 53 sá jù ú lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń gbé wọn síwájú níwọ̀n bí ọ̀nà wọn ti gùn tó. Ẹni tí ẹ rò pé a fi ṣe ojú rere ní ọ̀nà kẹjọ gan-an ni ó ń jìyà, torí kò rí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ tí yóò máa lé.

Pápá tiwa kò tó 400 mítà. Okùn àti ẹfun ni a fi ń wọn ọ̀nà sórí rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn ìṣirò ló sì ń ràn mí lọ́wọ́ láti rí iye tí a ó fi gbé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan síwájú.

Ọmọ mi yára ju ọmọ tí ẹ mú sínú eré àfiléra lọ. Kí ló dé tí ẹ kò mú un?

Eré àfiléra 4 × 100 mítà kì í ṣe eré ẹni mẹ́rin tí wọ́n yára jù. Ibi tí a ti ń fi ọ̀pá lé ara ẹni lọ́wọ́ gùn tó mítà 30, inú rẹ̀ ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkejì. Ẹni tí ń gbà á kì í wo ẹ̀yìn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ń bọ̀. Bí wọn kò bá ti ṣe é pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀kan yóò tètè lọ, èkejì kò ní lè bá a, wọn a sì jáde kúrò nínú ibi tí òfin gbà, tàbí kí ọ̀pá jábọ́. Ọmọ tí ó yára ṣùgbọ́n tí ó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì kò lè wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó ń wá déédéé ni àwọn mẹ́ta yòókù lè na ọwọ́ sẹ́yìn fún láìwojú.

Kí ló dé tí àkókò tí ẹ kọ fún ọmọ mi fi dára ju èyí tí wọ́n kọ fún un ní Kútọnu?

Ọwọ́ ni a fi ń tẹ aago tiwa, ẹ̀rọ ni ti Kútọnu. Ọwọ́ ènìyàn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ìbọn bá dún, àkókò náà a sì kúrú ju bí ó ti yẹ lọ. Fún 100 àti 200 mítà, àwọn tí ń fi àkókò ọwọ́ wé ti ẹ̀rọ máa ń fi ìdá 0.24 ìṣẹ́jú àáyá kún ti ọwọ́. Ọmọ yín kò rẹ̀yìn.

Báwo ni ẹ ṣe ń dáàbò bo àwọn ọmọ lọ́wọ́ ooru àti àìsàn?

Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo mú àwọn ọmọ sáré ní agogo kan ọ̀sán nínú oṣù Kẹta nítorí pé ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọkùnrin kan dúró lójijì, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, ara rẹ̀ gbóná janjan, ó sì ṣubú. Àwọn ìyá tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n gbé korobá omi wá tí wọ́n dà á sí i lára kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ yá. Ẹ̀bi mi ni, n kò sì ní gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Láti ìgbà náà, kò sí ìdánrawò láàárín agogo mọ́kànlá àárọ̀ àti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti díẹ̀díẹ̀, nítorí ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ara tó mọ́ iṣẹ́ inú ooru. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú ìgò omi wá, a sì ń dúró mumi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Bí ooru bá gbé ọmọ ṣubú, a ó gbé e sí ibòji, a ó da omi tútù sí i lára, a ó fẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A kì í rọ omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi láìfi pamọ́. Bí ọmọ bá ní àrùn fòníkú-fọ̀làdìde, kò gbọ́dọ̀ ṣe ìdánrawò kankan tí dókítà rẹ̀ kò mọ̀ sí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS lè sáré, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sá àsápajúdé nínú ooru nígbà tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, mo sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n lè máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá ní ikọ́ fée, eruku ọyẹ́ ti oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní yóò dà á láàmú, kí ó máa mú oògùn tí ó ń fà símú dání. Ọmọ tí ibà ń ṣe kò gbọ́dọ̀ wá rárá. Kódà lẹ́yìn tí ibà bá lọ, rírìn ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ni kí ọmọ jẹ?

Oúnjẹ ilé. Àtàsí (ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀), ẹ̀kọ àti àkàrà, iṣu, gàrí pẹ̀lú ẹja, gbogbo rẹ̀ ló dára bí ó bá jẹ ẹ́ ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ti tó fún ẹni tí ebi bá ń pa lójú pápá. Kò sí ìdí kankan láti ra ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń pè ní ti agbára.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ńkọ́?

Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ó ń bọ́ sí oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, àárín sáà gan-an. A kì í fi agbára mú ọmọ kankan tú ààwẹ̀ rẹ̀. Ìdánrawò ń súnmọ́ àkókò ìṣínu, kí omi má baà jìnnà, a ń dín sísá kù, a sì ń fi kún iṣẹ́ ọwọ́ bí gbígbá bọ́ọ̀lù sójú kan àti fífi ọ̀pá léni lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Kristẹni tí wọn kò gbààwẹ̀ ń lọ mumi lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Èmi kọ́ ni mo pa á láṣẹ.

Ṣé ó yẹ kí ọmọbìnrin máa sáré, pàápàá nígbà tí ó bá ti bàlágà?

Ó yẹ. Ara ọmọbìnrin kò bàjẹ́ nítorí eré sísá, egungun rẹ̀ ń le sí i ni. Lọ́jọ́ tí ó bá ń ṣe nǹkan oṣù, òun ni yóò sọ bí òun ṣe fẹ́ kó rí, olùkọ́ obìnrin kan sì wà pẹ̀lú wa tí ó lè bá sọ̀rọ̀ láìtijú. Ẹni tí ó bá fẹ́ bo orí, kí ó bò ó, pẹ̀lú ìborí fúyẹ́ tí ó fún mọ́ orí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ó wọ̀ ọ́.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n gbé orúkọ Bẹ̀nẹ̀ ga jù nínú eré sísá ní àkókò tiwa, obìnrin ni wọ́n. Noélie Yarigo, tí ó wá láti Matéri ní òkè ọ̀hún, gba àmì bàbà nínú 800 mítà níbi ìdíje àgbáyé ti abẹ́ òrùlé ní Glasgow ní 2024, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 38. Odile Ahouanwanou ṣojú wa níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo nínú eré onídìí-méje: sísá pẹ̀lú fífo ìdènà, fífò sókè, jíju òkò irin, 200 mítà, fífò jìnnà, jíju ọ̀kọ̀, àti 800 mítà. Nígbà tí ìyá kan bá sọ fún mi pé ọmọ òun ti dàgbà ju eré lọ ní ọdún 15, ọdún 38 yẹn ni mo máa ń kà fún un.

Ṣé kò ní pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ lára?

Bí a bá fi àyè sílẹ̀, ó lè pa á lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè ìwé àmì ẹ̀kọ́ kí n tó mú ọmọ lọ sí ìdíje. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ṣì ń bọ̀ lójú pápá, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni, títí yóò fi gbé e sókè. N kì í lé e, nítorí mo ti rí i pé ọmọ tí a lé kúrò lójú pápá kì í lọ sí ìdí ìwé, ojú pópó ni ó ń lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé eré ìdárayá wà lára ìdánwò BEPC àti BAC, ọmọ tí ó ti ń sáré fún ọdún mẹ́ta kò ní bẹ̀rù ọjọ́ náà.

Ṣé wọ́n máa ń rìnrìn-àjò?

Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí owó bá wà. A ti gba Ṣàkẹ́tẹ́ àti Ìpóbẹ́ lọ sí Kétu láàárọ̀, a sì padà ní ọjọ́ kejì. Ṣábẹ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà àríwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà reluwé. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n rí àwọn òkúta ńlá Ṣábẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sọ̀rọ̀ mìíràn nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Olùkọ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló ń bá wọn lọ, ìwé tí òbí bá fọwọ́ sí ni a fi ń gbé ọmọ wọ ọkọ̀.

Ṣé ọmọ mi lè fi jẹun lọ́jọ́ iwájú?

Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ tàbí rákẹ́ẹ̀tì jẹun, n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà lẹ́yìn eré. Ní Àjàṣẹ́ wa níbí ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga INJEPS wà, tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ọmọ tí ó bá gba BAC tí ó sì nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ yìí kò ní láti kúrò nílé ìyá rẹ̀ kí ó tó kọ́ ọ.

Báwo ni a ṣe ń forúkọ sílẹ̀?

Ẹ bá ọmọ yín wá fúnra yín, bàbá tàbí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó ń tọ́ ọ, ní ọ̀sán Ọjọ́rú èyíkéyìí lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Ẹ mú ìwé ìlera rẹ̀ dání, ẹ sì sọ ohun mẹ́ta tí mo béèrè lókè yìí fún mi. A kò ní dán an wò láti mọ̀ bóyá ó yára. Lọ́jọ́ náà gan-an ni yóò bọ́ bàtà, tí yóò sì bá àwọn yòókù ṣa òkúta.